Ẹni Tí Kò Bá Lóṣòó Kò Lè Ka Sofia

Bàbá, ọdún kẹfà pé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Kalina ọmọ ọmọ yín ti wọ yunifásítì. Àjàrà tí ẹ gbìn ti bo ojú fèrèsé. Ilé ìwádìí tí ẹ dá sílẹ̀ láti máa ka àwọn òṣìṣẹ́ kò kú o! Yàrá mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀, ó ti di mẹ́jọ, orúkọ yín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó yẹ kí n máa fi yangàn. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, Bàbá. Ojú ń tì mí gidi.

Lọ́dọọdún ni mo máa ń tẹ àwòrán yín sórí ìwé, tí mo máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn àti òpó iná, bí gbogbo ilé ṣe ń ṣe fún òkú wọn. Ní èṣí, n kò lè lẹ̀ ẹ́. Mo ká a sínú àpótí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, ẹnu mi ló yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ.

Ṣé ẹ rántí àwọn ṣọ́ọ̀bù abẹ́ ilé ní Sofia, olú ìlú wa, àwọn tí fèrèsé wọn bá ilẹ̀ dọ́gba, tí oníbàárà gbọ́dọ̀ lóṣòó kó tó lè ra sìgá? Gbogbo oṣù kẹsàn-án lẹ máa ń rìn kiri, tẹ̀yin ti orúnkún tó ń dùn yín, ẹ ó lóṣòó síwájú wọn: "Ẹ̀yin mélòó lẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?" Inú a máa bí mi. "Bàbá, iye wọn wà nínú ìwé o!" Ẹ̀yin a ní: "Ìwé kì í ṣiṣẹ́, Iskra. Ibi tí ọwọ́ bá ti ń ṣiṣẹ́ ni kí o ti kà á. Ẹni tí kò bá lóṣòó kò lè ka Sofia."

Ẹ lọ tán, mo jókòó. Mo jókòó, Bàbá! Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n gbé iṣẹ́ ńlá fún wa: kí a wọn iṣẹ́ tí Sofia ń ṣe, àti ti àwọn ìlú kéékèèké tó yí i ká. Ilé iṣẹ́ bàtà kan wà níbẹ̀ tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Sofia. Mo mọ̀ pé ìlú tí wọ́n ti bí yín, lábẹ́ òkè Rila, ni àwọn obìnrin ti ń rán bàtà náà. Mo mọ̀ ọ́n! Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, ọjọ́ ti ń lọ, àwọn tó gbé iṣẹ́ wá sì fẹ́ kí iye ti Sofia ga. Mo bá ka gbogbo ọwọ́ wọn mọ́ Sofia. Mo tún kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ìwé náà pé ọ̀nà Lyuben, ọ̀nà tiyín, la fi kà á. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì gbà á.

Ìwé yẹn ni àwọn tó ń sanwó bọ́ọ̀sì òwúrọ̀, èyí tó ń kó àwọn obìnrin náà láti abúlé lọ síbi iṣẹ́ ní ìlú yín, wò. Wọ́n ní, "Ta ló tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú yẹn tá a fi ń gbé bọ́ọ̀sì fún wọn?" Wọ́n dá a dúró. Àǹtí Ginka, àbúrò yín, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ló wá ń fẹsẹ̀ rin wákàtí kan àti ààbọ̀ nínú yìnyín lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rán bàtà.

Nígbà tí mo gbé àlìkámà sísè àti wáìnì wá sójú sàárè yín ní èṣí, bí àṣà ìrántí òkú, Àǹtí Ginka ti débẹ̀ ṣáájú mi. Wọn ò kí mi. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n na ẹsẹ̀ tó wú síwájú mi.

"Iskra, wá wò ó. Ẹsẹ̀ ta nìyí? Ti Sofia ni àbí tèmi?"

Mo gbé àlìkámà náà kalẹ̀.

"Àṣé Sofia ni mo ti ń rán bàtà láti ọdún mọ́kàndínlógún, tí n kò mọ̀! Ẹ̀gbọ́n mi ò ka èèyàn báyìí rí. Orúkọ òkú lo fi purọ́."

 Ilẹ̀ ò kàn lanu ni, ǹ bá wọlé síbẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án tó kọjá, mo dìde. Mo lọ sí ìlú yín, mo lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: irínwó ó lé mọ́kànlá. Mo tún ìwé náà kọ. Sofia rẹlẹ̀ díẹ̀, ìlú yín gòkè. Àwọn tó gbé iṣẹ́ wá fárígá, wọ́n ní àwọn ò ní padà wá mọ́. Ó ṣeé ṣe kí yàrá mẹ́jọ tún di mẹ́ta. Bọ́ọ̀sì ọ̀hún kò sì tíì padà. Mo ṣì ń bẹ àwọn tó ń sanwó rẹ̀.

Lówùúrọ̀ yìí, mo lẹ àwòrán yín mọ́ ibùdókọ̀ tí bọ́ọ̀sì kì í dé mọ́. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Lyuben kọ́ ló kà yín mọ́ Sofia. Èmi Iskra ọmọ rẹ̀ ni." Àǹtí Ginka dé, wọ́n dúró, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Wọn ò sọ pé àwọn dárí jì mí. Àpò wọn ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́.

"Gbé e. Ká máa lọ, mo ti pẹ́."

Mo bá wọn rìn ín dópin. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni lóòótọ́, Bàbá. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi kà á. Àárò yín sọ àwa méjèèjì lójú ọ̀nà, a sì sunkún. A kò gbàgbé yín o! A ṣì fẹ́ràn yín.