Nítorí Ààwẹ̀ Tí Tiwalọlá Ń Gbà

Gàá Àkànbí,
Ìlọrin.
Ọjọ́ Ajé.

Ẹniọlá ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo ilé. Ara tèmi le, a dúpẹ́. N kò ní béèrè bóyá ara tìrẹ náà le, nítorí mo rí ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, gèlè rẹ dúró dáadáa, ara rẹ sì ń dán. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rí àìsàn. Nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé rẹ, "Mummy" ni gbogbo àwa tíṣà máa ń pè ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí mo fi mọ̀ ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni màá fi bá ọ sọ̀rọ̀ lónìí. Inú ń bí mi, Ẹniọlá. Ó ń bí mi gidi gan-an.

Ṣé o rántí ìgbà tí wọ́n rán wa lọ sí Gàmbàrí láti lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nínú kíláàsì? Ìwọ lo kọ́ àwọn ọmọ náà ní "adverbs of degree". O ya àkàbà sójú pátákó. O fi "slightly" sí ìsàlẹ̀ pátápátá, o gbé "fairly" lé e, "rather" àti "quite" tẹ̀ lé e, "very" wà lókè wọn, "extremely" àti "exceptionally" sì wà ní téńté. O wá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde wá fọwọ́ kan ibi tí ọbẹ̀ ilé wọn ta dé. Gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí tí mo ń jowú rẹ, nítorí o mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ.

Kí ló wá ṣe ọ́ nígbà tí o dá ilé ìwé tìrẹ sílẹ̀ nítòsí Táíwò Road? Ní ìpàdé ìparí táàmù, o ní "slightly", "fairly" àti "rather" kò gbọdọ̀ sí nínú èsì ọmọ kankan mọ́. O ní òbí tó bá rí "fairly good" yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé òdìkejì títì. "Extremely", "remarkably", "outstandingly", "exceptionally": ká máa yí wọn po, kó má baà dà bíi pé ọ̀kan náà la kọ fún gbogbo wọn. Sadiya tó ń kọ́ Primary Two bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ojú tí o fi wò ó kì í ṣe ti àwàdà.

Tiwalọlá wà ní kíláàsì mi. Kò lè ka ìlà kan tán láìjẹ́ pé mo pè é fún un. Ọmọ náà kì í ṣe olódo, kò sẹ́ni tó jókòó tì í láti kékeré ni. Mo kọ ọ́ sínú èsì rẹ̀ pé ó jẹ́ "rather slow in reading", pé ó nílò ìrànlọ́wọ́. O fi Tippex pa á rẹ́, o kọ "exceptionally brilliant" lé e, bí àwọn tíṣà tó ṣáájú mi ti ń kọ ọ́. O ní tí n kò bá lè kọ ohun tí o fẹ́, kí n wá iṣẹ́ síbòmíràn. Mo wá a síbòmíràn. Ìyẹn kò dùn mí tó èyí tí mo fẹ́ sọ yìí.

Màmá Tiwa tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ọjà Ipata kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Ẹni tó ka èsì náà fún un túmọ̀ rẹ̀ dáadáa, ó sì gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ìdí nìyẹn tó fi bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ òun ka Bíbélì lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ ìkórè àwọn ọmọdé. Ó rán aṣọ tuntun fún un. Ìwọ náà wà níbẹ̀, iwájú ni wọ́n fi ọ́ jókòó sí. Ọmọ náà ṣí Bíbélì níwájú maikirofóònù, ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kò lè pè é, ó sì bú sẹ́kún.

Ìyá rẹ̀ figbe ta: "Wọ́n ti gba ọpọlọ ọmọ mi o! Ọmọ tí wọ́n ní ó gbọ́n ju gbogbo wọn lọ!" Pásítọ̀ ní kí a dìde, kí a gbàdúrà. Ìwọ ni mò ń wò. Mo rò pé wàá sọ òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí ìyá náà nìkan lo máa sọ ọ́ sí. O dìde lóòótọ́. O gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, o sì ń bá wọn lé ẹ̀mí burúkú. Ojú tì mí fún ọ.

Mo lọ bá Màmá Tiwa ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo ní kì í ṣe ẹ̀mí kankan, pé kó máa mú ọmọ náà wá sọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́, màá kọ́ ọ ní ìwé kíkà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dáwọ́ dúró lórí ìrẹsì tó ń wọ̀n. Ó ní: "Àǹtí, ọ̀gá yín ní ọmọ mi gbọ́n. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń sọ pé kò mọ̀wé. Pásítọ̀ sì ní ẹni tó sún mọ́ ọn dáadáa ló ṣe é." Ó ní kí n má fẹsẹ̀ kan ìsọ̀ òun mọ́. Lánàá ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn sún kúrò lórí bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí. Wọ́n ti sọ mí di àjẹ́, ọ̀rẹ́ mi, nítorí mo kọ "rather".

Orí òkè àdúrà ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà wà báyìí. Ààwẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n fi í sí láti Sátidé, kò gbọdọ̀ fẹnu kan omi. Mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, wọ́n lé mi. Ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀, òun ni ebi ń pa.

Ẹnu rẹ nìkan ni ìyá rẹ̀ máa gbọ́. Lọ bá a, kí o sọ fún un pé irọ́ lo kọ. Mo mọ̀ pé àwọn òbí yòókù máa gbé èsì ọmọ tiwọn wá bá ọ, ó sì lè tú ilé ìwé náà ká. N kò ní tàn ọ́ pé kò ní rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, lọ.

N kò lè gbàdúrà pé kí ilé ìwé rẹ gbòòrò, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ tìrẹ sí. Kí wọ́n má ṣe pàdé olùkọ́ tó máa fi irọ́ pọ́n wọn lé títí wọ́n á fi ṣègbé. Kí ó sì fún ọ láyà láti sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì,
Ajíbọ́lá.

Àfikún: Sadiya ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti gba lẹ́tà yìí wá fún ọ. Ó ní Màmá Tiwa wá bá ọ ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án yìí, pé ó ń sunkún, ó sì bi ọ́ bóyá kí òun dá ààwẹ̀ náà dúró nítorí ọmọ náà ti ń dákú. Ó ní o dá a lóhùn pé kó fi ọjọ́ kún ààwẹ̀ náà. N kò fẹ́ èsì lẹ́tà yìí mọ́. Mo ń gbé omi lọ bá ọmọ náà.