Èwo Ló Di Ìfun Felísíà Mú?

Bàbá mi, aránṣọ tí gbogbo Ganhi mọ̀,

Ẹ kú àtijọ́ o. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo bá wá, nítorí ẹ̀yin lọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà ní ṣọ́ọ̀bù yín tí ẹ fi ń rán ṣòkòtò, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ọrùn ẹ̀wù, ọwọ́ ni. Ẹ ó pọ́n ṣóńṣó òwú lá, ẹ ó sì máa bú ẹ̀rọ yẹn bí ìyálé ṣe ń bú ìyàwó.

Ẹ̀rọ ti dé ọ̀dọ̀ àwa náà báyìí, nínú yàrá iṣẹ́ abẹ tí mo ti ń fún dókítà sójà Faransé ní irinṣẹ́. Irin wúwo kan ni, ẹnu rẹ̀ gùn. Wọ́n á ki wáyà kéékèèké sí i lẹ́nu, wọ́n á fi há ìfun, wọ́n á yí ọwọ́ rẹ̀, wáyà á gún ìfun ní ìlà méjì, á sì tẹ̀ kọ́rọ́ lódìkejì. Dókítà á gé àárín ìlà méjèèjì. Ó tán! Ẹnu méjèèjì ti pa dé, ìdọ̀tí kankan ò kán sínú ikùn. Ẹ̀yin náà ìbá wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ti ọwọ́ ńkọ́? Ó lọ́ra, àmọ́ ó wù mí í wò jù. Dókítà á ká etí ìfun sínú, bí ẹ ti ń ká etí aṣọ kó má baà tú. Kò gbọdọ̀ fa òwú jù, kí ẹ̀jẹ̀ lè dé etí ibẹ̀. Ohun tí ẹ ń tìtorí ẹ̀ pariwo mọ́ àwọn ọmọṣẹ́ yín nìyẹn tí aṣọ bá hunjọ. Ẹ sì jẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín: ìfun àgùntàn ni wọ́n fi ṣe òwú náà! Ìfun la fi ń rán ìfun. Ta ló kọ́kọ́ ro irú èyí?

Bàbá, Felísíà àbúrò mi ló dé orí tábìlì yẹn. Ìfun rẹ̀ lọ́ mọ́ra, apá kan ti dúdú. Dókítà gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, ó fi ẹ̀rọ pa ẹnu méjèèjì dé, ó wá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó la ihò sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọwọ́ rán ihò méjèèjì pọ̀. Ẹ̀rọ àti ọwọ́ nínú ikùn kan ṣoṣo! Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, èwo lẹ máa gbẹ́kẹ̀ lé?

Ohun tí à ń dúró dè lẹ́yìn irú iṣẹ́ yìí ni kí aláìsàn só. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tó bá só, ọ̀nà ti là. Tí kò bá só, ewu ń bẹ. Felísíà ò só. Inú rẹ̀ ń wú, bí tiyín ti wú kí ẹ tó kú, nígbà tí kò sí ọ̀bẹ kankan nítòsí tó lè gbà yín. Dókítà ti fẹ́ tún inú rẹ̀ là, mo sì mọ̀ pé agbára Felísíà ò lè gbé e. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ń dá ẹ̀rọ lẹ́bi láàárọ̀, mo ń dá ọwọ́ lẹ́bi lọ́sàn-án.

Ìgbà tí mo gbé omi tọ̀ ọ́ lọ ni mo wá wo yàrá rẹ̀ dáadáa. Ìyá ọkọ rẹ̀ àti àwọn àna yí ibùsùn ká. Àárọ̀ ni wọ́n ń gba orí afárá wá láti Akpakpa, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń padà, rósárì lọ́wọ́. Felísíà, ìyàwó tuntun, wà láàárín wọn, ó di eyín pọ̀, òógùn bò ó. Háà! Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ, ẹ mọ Felísíà tí kì í sín níwájú àgbà láìtọrọ gáfárà. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa só níwájú ìyá ọkọ?

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn àna, mo parọ́ pé a fẹ́ fọ ojú egbò, mo kó wọn jáde. Mo ti ilẹ̀kùn, mo kọjú sí ògiri bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Bàbá, ó só! Ó só, ó tún só. Ó sunkún ìtìjú, èmi náà sunkún, àfi bí a ṣe bú sẹ́rìn-ín tó fi di ikùn mú, tó ń fọwọ́ bẹ̀ mí kí n dákẹ́. Ẹ̀rọ ò jẹ̀bi, ọwọ́ ò jẹ̀bi. Èwo ló dáa jù nínú wọn, mi ò tíì mọ̀. Ká ní mo gbọ́ irú ìró yẹn lára yín lọ́jọ́sí ni, ẹ̀yin fúnra yín ni ǹ bá wá bi báyìí.

Èmi ọmọ yín, tí àárò yín ṣì ń sọ.