Ẹ Jẹ́ Kí Omi Kọ́kọ́ Gba Abẹ́ Afárá Náà Kọjá

Ẹ kú ilé o, Màmá mi, ẹ kú ìrètí òjò. Mo kí Bùọ̀dá mi àgbà àti ìyàwó wọn, mo sì kí gbogbo ará Ọ̀bà-Ilé tó bá jókòó tì yín bí ẹ ṣe ń ka lẹ́tà yìí. Ara mi le. Yìnyín ṣì bo ilẹ̀ níbí. Ọjọ́ ìsinmi ló ń ṣòro jù, torí kò sẹ́ni tí yóò kanlẹ̀kùn.

Bùọ̀dá ti ròyìn ọ̀rọ̀ afárá tuntun ọ̀nà iléèwé fún mi. Wọ́n ní kọngílá tó kọ́ ọ fẹ́ kí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí káńsù, kí ẹ̀yin alága buwọ́ lù ú, pé òun yóò sì pín ìrẹsì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i. Ẹ ní ó di ẹ̀yìn òjò. Ni Màmá Ṣọlá, akápò yín, bá dìde nípàdé: "Tíṣà, ẹ ti fẹ̀yìn tì o. Ta ló ní kẹ́ ẹ máa máàkì iṣẹ́ ìjọba?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹlòmíì ní obìnrin Oǹdó ni yín, ẹ kò mọ oore ará Àkúrẹ́. Ní báyìí, wọ́n ní kí ẹ buwọ́ lù ú tàbí kí ẹ gbé ipò sílẹ̀. Ẹ wá ní kí Bùọ̀dá bi mí bóyá ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.

Ẹ kò jẹ̀bi, Màmá. Afárá ni mò ń yẹ̀ wò jẹun. Òkè rẹ̀ lè máa dán, kí omi sì máa gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò lè rí èyí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí nìyẹn tí àdéhùn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi máa ń fi àkókò kan sílẹ̀, kí kọngílá tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe kó tó gba ìyókù owó rẹ̀. Bí ó bá gbé lẹ́tà yín dé káńsù, yóò ní ará ìlú ti yẹ iṣẹ́ wò, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Tí ẹ bá wá ráhùn lẹ́yìn náà, lẹ́tà ìdúpẹ́ yín ni wọn yóò nà sí yín.

Níbí, àwọn ará àdúgbò máa ń wá bá mi nídìí afárá, wọ́n á ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo máa ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìwọ̀sí.

Mi ò bá Màmá Ṣọlá wí. Gaàrí wọ́n bí ojú, ta ni yóò kọ ìrẹsì? Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó gbà á, kó dúpẹ́ lórúkọ ara rẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kó dúró de òjò. Bí òjò ńlá bá dá, ẹ má dá lọ. Kí gbogbo ẹgbẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìdí rẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ jọ lọ sí káńsù. Bó bá dúró ṣinṣin, ẹ dúpẹ́ dáadáa. Bí kò bá dúró, ẹ rántí pé orí rẹ̀ làwọn ọmọ wa ń gbà lọ síléèwé.

Bí Màmá Ṣọlá bá tún wá bá yín, ẹ fún un ní ìjókòó, ẹ bu oúnjẹ fún un. Ìbuwọ́lùwé yín nìkan ni kí ẹ má fún un.

Kí Olúwa dá yín sí, kó má fi ilé ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìsí oúnjẹ. Ẹ bá mi kí àwọn ará wa ní Oǹdó.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀dé