Àmì Abẹ́ Ọ

Màámi, ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti lọ. Ọdún márùn-ún! Bí àná ló ń ṣe mí.

Ṣọ́ọ̀bù yín ò tì. Èmi ni mo jókòó sídìí maṣíìnì yín báyìí. Ọmọ mi tí ẹ fi àjákù aṣọ rán ẹ̀wù fún ti ga jù mí lọ. Àbúrò mi káfíńtà ti parí ilé rẹ̀. Ó ní yàrá iwájú, tiyín ni. Kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe kọ́ mi náà ni mo ṣì ń ṣe é: tí mo bá gé apá ẹ̀wù, màá fi ṣọ́ọ̀kì kọ Ọ sí ti ọ̀tún, màá kọ O sí ti òsì. Ọjọ́ tí ẹ gbàgbé àmì abẹ́ Ọ, tí ẹ rán apá òsì méjì sẹ́wù kan, ẹ̀rín la fi ṣe. A ò mọ̀ pé iyè yín ti ń rà.

Lóṣù tó kọjá, èmi náà gbàgbé àmì yẹn. Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá a wá oníbàárà tó lápá òsì méjì.” Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Dókítà ní méjì méjì ni jíìnì, àbùdá tí a ń jogún, máa ń wà lára, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Mo ní, bí apá ẹ̀wù? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní irú kan wà tó ń mú kí àìsàn ìgbàgbé tètè rí àgbà mú. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò ju kí àmì bọ́ lábẹ́ lẹ́tà kan lọ. “Ọ̀kan wà lára yín, Màmá. Kì í ṣe ìdájọ́ o. Ọ̀pọ̀ ló ní in tí iyè wọn ò rà. Ọ̀pọ̀ ni ò sì ní in tí àìsàn náà mú.”

A rò pé a ti pín ogún yín tán! Jíìnì yìí lè jẹ́ tiyín, ó lè jẹ́ ti bàbá mi. Mi ò bínú. Ara yín náà ni mo ti rí ọwọ́ ìránṣọ.

Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi. Mi ò ní purọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹ lọ, ẹ ń pè mí ní ìyá yín, mo sì ń jẹ́ ẹ. Mo ti sọ fọ́mọ mi: tí mo bá pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó jẹ́ mi. Ó ní, “Ṣé ẹ ó máa kúnlẹ̀ kí mi náà?” Ẹ̀rín pa mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Àárò yín ń sọ wá, Màámi. A fẹ́ràn yín. Títí dòní, àmì kan ò tíì bọ́ lára orúkọ yín lọ́kàn mi.