Ọ̀nà Ìyàwó Mi Ni Mo Gbé Lọ sí Òṣùpá

Èmi ni mo tú àṣírí ọ̀nà tí wọ́n ti mú àbúrò ìyàwó mi. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ẹlòmíràn ni gbogbo àdúgbò ń bá wí lórí rẹ̀, èmi sì ń wò ó. Ẹ̀yin èèyàn péèjì yìí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn níbí, láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, mi ò dá sí i rí. Ẹ má bínú bí mi ò bá mọ̀ ọ́n tò. Mi ò kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Agbègbè Ilaro níbí ni mò ń gbé. Mo ti kọjá àádọ́ta ọdún dáadáa. Káfíńtà ni mí, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé náà ni mí. Mo pẹ́ kí n tó lọ sílé ìwé, mo ti ń fá irùngbọ̀n nígbà tí mo jókòó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ìwé dùn mọ́ mi ju bó ṣe dùn mọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi lọ. Ìtàn ayé tí kò tíì dé ni mo máa ń kọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sáyẹ́ǹsì fíkṣọ̀n. Àwọn èèyàn tó ń gbé lórí òṣùpá, ẹ̀rọ tó ń dá oko ro, ìlú tó wà lábẹ́ òkun. Èdè Yorùbá ni mo fi ń kọ gbogbo rẹ̀. Ìwé ìròyìn kan tẹ ọ̀kan jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n ka òmíràn lórí rédíò, mo sì ti tẹ ìwé pẹlẹbẹ bíi mélòó kan fúnra mi. Ládùúgbò, Bàbá Òṣùpá ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á pè é tán, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó bi mí rí pé báwo ni mo ṣe ń rò ó. Àwọn ọmọ mi pàápàá ò bi mí.

Ìyàwó mi nìkan ló máa ń gbọ́ mi. Á máa ṣa òkúta inú ìrẹsì, èmi á máa kà á sí i létí. Lọ́jọ́ kan tí mo ka ti òṣùpá fún un, kò béèrè ẹ̀rọ, kò béèrè iná. Ó ní, ta ló ń ru ìrẹsì lọ bá wọn níbẹ̀?

Ìrẹsì ni òwò rẹ̀. Ó ń rù ú láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wá síbí, ọ̀nà kan wà nínú igbó lápá Òkè-Ọ̀dàn tí ìyá rẹ̀ fi hàn án. Ẹ lè pè é ní fàyàwọ́. Àwa ń pè é ní òwò, òun la fi tọ́ ọmọ. Ó mú mi gba ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa. Ojú káfíńtà ni ojú mi, ohun tí mo bá ti fojú wọ̀n kì í kúrò lọ́kàn mi mọ́. Mo mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ibẹ̀ bí mo ṣe mọ ojú rẹ̀. Nígbà tó kú, àbúrò rẹ̀ ló ń gba ọ̀nà náà. Màá pè é ní Fúnkẹ́. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ nínú òwò, tí màá pè ní Ìyá Ṣeun. Àwọn méjèèjì nìkan.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ti bọ́dà pa. Gbogbo nǹkan dúró. Ta ló máa ní kí n kan kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n máa kó sínú rẹ̀? Fúnkẹ́ nìkan ló ń mú wa rẹ́rìn-ín. Tó bá ti ń kọjá lójú ọ̀nà, á ní wọ́n ti bọ́dà pa, ṣùgbọ́n wọn ò lè ti Bọ̀dá òun pa. Èmi ni Bọ̀dá yẹn.

Nígbà tí ọwọ́ mi dilẹ̀, mo mú pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo fi ṣe eré kan tí wọ́n ń ta bíi lúdò. Mo sọ ọ́ ní Ọjà Òṣùpá. Ìlú méjì ló wà níbẹ̀. Kò sí afẹ́fẹ́ lórí òṣùpá, nítorí náà afẹ́fẹ́ ni ọjà, inú àpò ni wọ́n ń rù ú sí láti ìlú kan lọ sí èkejì. Ẹ ó ju dáìsì, ẹ ó máa lọ. Bí aṣọ́bodè bá rí yín, ó gba àpò yín, ẹ padà sílé. Ìbéèrè ìyàwó mi ni mo ń dáhùn, ó kàn jẹ́ pé ó ti pẹ́ jù. Nígbà tó wá ku ọ̀nà tí mo máa yà sójú pákó, mo gbé pẹ́ńsùlù... ọ̀nà míì ò wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀nà tirẹ̀ ni mo yà. Mo yí gbogbo nǹkan padà o. Igbó igi tíìkì, mo sọ ọ́ di òpó irin. Odò kékeré yẹn, mo sọ ọ́ di odò eruku. Òkúta pẹrẹsẹ tí ìyàwó mi máa ń sọ ẹrù lé kó lè sinmi, mo pè é ní Ibùsọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò yí kọ̀rọ̀ rẹ̀ kankan padà. Mi ò lè yí i. Mo ní ta ló máa dá ilé ayé mọ̀ lórí òṣùpá?

Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́sàn-án, wọ́n á kún iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Bí wọ́n bá gba àpò ẹnì kan, àwọn yòókù á ní aṣọ́bodè ti gba èémí ẹ, lọ kú sílé. Mò ń gé òmíràn, wọ́n ń rà á. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn, ará Èkìtì, tó gba yàrá kan ládùúgbò wa. Aṣọ́bodè ni. Kì í wọ aṣọ iṣẹ́ wá. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì máa ń pè mí ní Bàbá Òǹkọ̀wé. Lọ́jọ́ kan òjò ń rọ̀, àwọn yòókù ò wá, àwa méjì la jókòó. Ó bi mí ní ìbéèrè kan.

“Bàbá, báwo lẹ ṣe ń ronú kan irú nǹkan báyìí?”

Ẹ gbọ́ mi yé. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ̀wé, ẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí nìyẹn. Ẹnu mi ṣí. Èmi tí mi ò kì í sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀ títí òjò fi dá. Mo sọ fún un pé orí lásán kọ́ ni mo ti mú un, ọ̀nà ìyàwó mi ni. Mo sọ ibi tí odò eruku wà gan-an. Mo sọ igbó tí òpó irin jẹ́. Ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ lójú pákó, ó ṣì í, mo sì tún un ṣe fún un. Mo ní kó má yà síbẹ̀ yẹn, àbàtà ni, apá òsì ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní Ọlọ́run fún mi lẹ́bùn. Ó ra ọ̀kan lọ. Inú mi dùn. Ṣé mi ò mọ̀ pé aṣọ́bodè ni? Mo mọ̀. Ṣé mo gbàgbé ni, àbí mi ò fẹ́ rántí? Mo ti ń bi ara mi láti ìgbà náà, mi ò sì rí ìdáhùn tí ojú ò tì mí níbẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Fúnkẹ́ ru ìrẹsì dé ibi òkúta yẹn, tó bá àwọn aṣọ́bodè níbẹ̀. Wọ́n ti jókòó sórí rẹ̀ dè é. Ó sá, ó yọ̀ ṣubú nínú odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n mú un, wọ́n kó ìrẹsì rẹ̀ lọ, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Mi ò bá ọmọkùnrin yẹn wí, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe, wọ́n sì ti gbé e lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n ibà ló dá Ìyá Ṣeun dúró sílé lọ́jọ́ náà. Àwọn méjì ló mọ ọ̀nà, wọ́n mú ẹnì kan, ẹnì kejì wà nílé. Gbogbo ayé ní òun ló tà á. Wọn ò kí i mọ́. Bó bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, wọ́n á gbé korobá wọn kúrò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun nìkan ló ń dá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Èmi ni mo kan bẹ́ǹṣì náà.

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé ó ti mọ̀. Ó wá dúpẹ́ ni.

“Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ ò tíì sọ̀rọ̀ sí mi. Ẹ ṣeun.”

Mò ń fá pákó lọ.

Lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ Fúnkẹ́ san díẹ̀, ó fi ọ̀pá rìn wá síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n jẹ́ kí òun ta eré tí gbogbo èèyàn ń ta. Kò tíì ráyè ta á rí. Ó ju dáìsì, ó ń lọ, ó ń lọ, ó dé Ibùsọ̀, ìka rẹ̀ dúró.

“Bọ̀dá, ibi tí Àǹtí mi ti máa ń sọ ẹrù nìyí.”

Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti parí. Àfi bó ṣe bú sẹ́kún, tó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ̀ pé mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n òun tó bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ ọ́ kiri báyìí, pé Bọ̀dá òun gbé ọ̀nà ìyàwó rẹ̀ lọ sí òṣùpá kó má bàa parẹ́. Ó ní irú Ìyá Ṣeun ò yẹ lẹ́ni tó ń fojú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Òǹtẹ̀wé kan ní Abẹ́òkúta fẹ́ tẹ eré náà jáde. Ó ní kí n kọ ojú ìwé kan nípa bí mo ṣe rò ó. Mo ti kọ nípa ibi tí ẹsẹ̀ mi ò dé rí, ojú ìwé kan yìí ò ṣeé kọ. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, àwọn mọ̀lẹ́bí ìyàwó mi máa lọ sílé Ìyá Ṣeun, kí wọ́n sọ fún un pé kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ìsọ̀ tí òun àti Fúnkẹ́ jọ ní. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ ọ́. Wọ́n ní mi ò kì í sọ̀rọ̀ lásán, pé bí ó bá ti ẹnu mi jáde, ó máa mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bá Fúnkẹ́ lónìí, kí n gba ìdùnnú tó rí nínú eré yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, àbí Ìyá Ṣeun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, òun tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi? Ṣé kí n dúró di ọjọ́ náà, kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn? Bí mo bá sọ ọ́, ṣé ẹbí ìyàwó mi á tún fẹ́ rí mi? Bí mi ò bá sì sọ ọ́, kí ni màá wí fún obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀? Wọ́n ń sọ pé bọ́dà máa ṣí láìpẹ́. Fúnkẹ́ ò mọ̀ pé Bọ̀dá òun ló wà ní títì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ, ọ̀rọ̀ wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?