Rédíò Ìyá àti Ẹyin Tó Pa

Ẹ̀gbọ́n Gàzálì,

Èmi, Olóòtú Ìròyìn Àgbà fún gbogbo Odigbo, ló ń kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín. Ẹsẹ̀ Ìyá ti san.

Nígbà tí a kó ẹyin adìyẹ Ìyá sínú ẹ̀rọ ìsàba tí ẹ fi ránṣẹ́, rílè, súìṣì kékeré tó yẹ kó dún "kẹ́" kó sì tan gílóòbù tó ń mú ẹyin gbóná, ò dún. Iná tó ń ti ara bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ náà wá ò lágbára tó láti fà á. Bí Ìyá bá yọjú, màá fi ahọ́n dún "kẹ́!" kí wọ́n lè rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á ní, "Gàzálì mi mà kàwé o!" Ẹyin sì ń tutù. Mo bá yọ tiransísítọ̀ tó ń fi kún agbára iná nínú rédíò Ìyá, mo fi í sáàárín bọ́ọ̀dù àti rílè. Kẹ́! Gílóòbù tàn. Ẹyin mọ́kàndínlógójì ló pa lánàá, alihamudulilahi!

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fi rédíò ránṣẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi ni mò ń ka ìròyìn fún Ìyá láti ẹ̀yìn fèrèsé bíi rédíò, ohùn mi sì ti há.

Èmi Hámzàt, àbúrò yín, ni.