Oríkì Tí Wọ́n Fín Sára Òpó Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà lọ́hùn-ún? Wọ́n ti ṣí òpó ìrántí yín ní Abuja, níbi tí ìjọba kó àwa òṣìṣẹ́ wá láti Èkó. Àárín gbàgede ni wọ́n gbé e sí, orúkọ yín àti ti gbogbo ìwé tí ẹ kọ wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ kí wọ́n ya yín ní fọ́tò! Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ èmi ni mo bà á jẹ́.

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò òpó náà wá sí ọ́fíìsì mi, wọ́n fẹ́ oríkì ilé wa tí wọ́n máa fín sára òkúta náà. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ òǹkọ̀wé ńlá bí tiyín! Mo bá ki ẹnu bọ̀ ọ́, mo ka èyí tí ìyá ìyá mi fi ń jí mi láràárọ̀ nígbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Mo rò pé tiwa náà ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ọ̀rẹ́ yín ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà níbí kà á títí, wọ́n bọ́ fìlà.

“Kai! Ọmọ Ọlọ́fà ni wọ́n kì síbí. Bàbá rẹ tó jẹ́ ọmọ Oníkòyí ńkọ́?”

Òótọ́ ni. Ọlọ́fà ni ilé ìyá mi. Mo kàn ń wo bàtà mi.

Gbogbo ìsinmi lẹ máa ń ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá jókòó tì yín, kí n gbọ́ ìtàn ilé. Ẹ ó ti bó ọsàn dè mí. Èmi a ní ìdánwò ń bọ̀. Nígbà tó yá, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń jẹ ọsàn yẹn tán? Ó ń dùn mí ju ọ̀rọ̀ òpó lọ.

Lánàá, mo lọ jẹ́wọ́ fún ìgbìmọ̀ náà. Mo rò pé wọ́n á bú mi. Ì bá sàn. Wọ́n ní àwọn á fi òkúta tuntun pààrọ̀ rẹ̀, kí n ṣáà kọ èyí tó tọ́ wá. Ọ̀rẹ́ yín mọ èyí tí gbogbo ọmọ Oníkòyí ń jẹ́. Abala ti agbo ilé wa gan-an, ẹ̀yin àti àbúrò yín obìnrin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, àwọn náà sì ti tẹ̀lé yín lọ sọ́run.

Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Mo ti wá ń béèrè báyìí, Bàbá. Bírò wà lọ́wọ́ mi. Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó wá jókòó.